Ta ni kí n kọ́kọ́ dá lóhùn: ẹni tó jókòó, ẹni tó pè, àbí ọlọ́kọ̀ tó ń fun fèrè?

Oníkọfí Kàbà
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, kò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́.

Mò ń ta kọfí, búrẹ́dì àti ẹyin díndín ní Kàbà, létí títì tó lọ sí Òmùò. Kọfí oko wa ni mò ń tà. Ọ̀nà Ìyámoyè ni bàbá mi gbìn ín sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, a máa ń ká a, a ó sá a, a ó sì tà á ní àpò-àpò fáwọn tó ń wá rà á. Kò sẹ́ni tó ń mu ún nílé wa. Ní báyìí, èmi ni mò ń yan án, tí mò ń lọ̀ ọ́, tí mo sì ń fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ.

Tẹ́lẹ̀, orí bẹ́ǹṣì ni gbogbo oníbàárà ń jókòó sí. Àmọ́ látìgbà tí mo ti kọ nọ́ńbà mi sára pátákó, àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ ṣe mẹ́fà sílẹ̀, ọlọ́kadà ń bọ̀." Àwọn awakọ̀ náà á dúró létí títì, wọn ò ní sọ̀kalẹ̀, fèrè ni wọ́n á máa fun, èmi ni mo máa sáré gbé e lọ bá wọn lójú fèrèsé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá kan tí wọ́n ti ń mu kọfí lọ́dọ̀ mi látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ dé ní aago méje kọjá díẹ̀. Èèyàn méjì péré ni wọ́n bá lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún. Mo da mẹ́fà fún ọlọ́kadà, mo gbé méjì lọ fún ọkọ̀ Lọ́kọ́ja, mo dín ẹyin fáwọn tí wọ́n bá níbẹ̀, fèrè tún dún. Ìgbà tí màá fi yíjú sí wọn, wọ́n ti dìde. Wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èmi tí mo wà níbí lo ò rí." Wọn ò pariwo rárá. Wọn ò sì tíì padà wá. Ó dùn mí gan-an.

Ta ni kí n máa kọ́kọ́ dá lóhùn? Mi ò lè lé àwọn tó ń pè, owó wọn ni mo fi san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi ní sáà yìí.

Awakọ̀ Ẹ̀gbẹ̀
Àwa ọlọ́kọ̀ ni o, màmá. Èrò wà lẹ́yìn mi, wọ́n ń kùn. Tó bá lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti lọ. Ẹni tó jókòó, ó ráyè jókòó ni.

Ọmọ Ìsánlú
Ẹ̀gbọ́n awakọ̀, ẹ má bínú, mi ò gbà. Èmi náà máa ń jókòó mu kọfí kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mi ò ráyè kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dun ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó ń kà. Ó rí èèyàn méjì, ó mọ̀ pé òun ló ṣìkẹta. Mẹ́fà tó wà nínú fóònù yín, ojú rẹ̀ ò tó o. Òun ló ṣìkẹsàn-án, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún un. Tí ẹ bá sọ fún mi pé "mẹ́fà ṣì wà níwájú yín o", mo lè dúró, mo lè lọ, àmọ́ mi ò ní rò pé ẹ fojú di mí.

Ọmọ Ìjùmú ní Amẹ́ríkà
Òótọ́ ni àbúrò sọ. Ilé kọfí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí: ẹni tó wọlé, ẹni tó tẹ fóònù, ẹni tó wa mọ́tò wá sójú fèrèsé, ọwọ́ kan náà ló ń ṣe ti gbogbo wọn.

Starbucks pàápàá, ilé-iṣẹ́ kọfí ńlá ti Amẹ́ríkà, bọ́ sínú irú wàhálà yìí. Ìlú Portland ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ọ́dà lórí fóònù ní 2014, ó sì kárí Amẹ́ríkà ní 2015. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2017, àwọn ọ̀gá wọn fẹnu ara wọn sọ pé ọ́dà orí fóònù ti dí ibi tí wọ́n ti ń gba kọfí, pé ẹni tó wọlé á wo èrò, á sì yí padà láì ra nǹkan kan. Brian Niccol tó di ọ̀gá àgbà ní September 2024 ní òun fẹ́ kí kọfí ẹni tó wọlé jáde láàárín ìṣẹ́jú 4. Ní 2025, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà máa to ọ́dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, dípò kí wọ́n kàn máa tẹ̀ lé ẹni tó kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ̀yin ò nílò kọ̀ǹpútà, màmá. Ẹni tó pè ò tíì dé. Ẹ dá àkókò fún un. Bó bá jẹ́ 7:30 ni ọlọ́kadà ń bọ̀, kí ló dé tí ife mẹ́fà máa wà lórí tábìlì ní 7:10, tí yóò máa tutù, tí bàbá tí kò tíì rí nǹkan mu á sì máa wò ó?

Ẹlẹ́yin Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀
Ìbéèrè tèmi rèé: kọfí ló ń fà yín sẹ́yìn, àbí ẹyin? Ní ìsọ̀ tèmi, ká bu kọfí, ká fi ṣúgà àti mílíìkì sí i, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹyin pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata ń gbà tó márùn-ún, páànù kan ṣoṣo ni mo sì ní. Ẹni tó bá fẹ́ kọfí nìkan, mo máa ń fún un nígbà tí ẹyin ẹlòmíì ṣì wà lórí iná, mi ò ní kó dúró de páànù tí kò kàn án.

Ẹ sẹ́ kọfí sínú fúláàsìkì kí wọ́n tó dé. Ẹ má sẹ́ ti gbogbo àárọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o, tó bá pẹ́ níbẹ̀, òórùn dídùn rẹ̀ á lọ, kíkorò nìkan ló máa kù.

Oníkọfí Kàbà
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo fi aago ka tèmi láàárọ̀ yìí. Kí n sẹ́ ìkòkò kan gba ìṣẹ́jú mẹ́fà, ẹnikẹ́ni ò sì rí ife kankan gbà títí mo fi sẹ́ ẹ tán. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo rìn lọ sí títì kí aago mẹ́jọ tó lù. Mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ló ń jẹ àkókò bẹ́ẹ̀.

Mo ti ra fúláàsìkì kejì. Mo gbé síléètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́: "Fóònù: 6, aago 7:30." Kí ẹni tó jókòó lè rí i. Ọmọ àbúrò mi á máa gbé kọfí lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀, kọfí nìkan. Awakọ̀ tó bá fẹ́ ẹyin, kó sọ̀kalẹ̀ wá jókòó pẹ̀lú àwọn tó bá níbẹ̀.

Awakọ̀ Ẹ̀gbẹ̀
Mo gbà, màmá. Ti kọfí ló ká mi lára jù. Àmọ́ bàbá yẹn ńkọ́?

Oníkọfí Kàbà
Mo mọ ilé wọn. Màá gbé fúláàsìkì lọ bá wọn ní ìrọ̀lẹ́ yìí, màá kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

Ọmọ Ìsánlú
Ẹ mú búrẹ́dì dání o.