Ta ló mọ dókítà ẹranko tó ń wá sílé ní Àkóbọ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ọmọ ajá mẹ́rin tó pé ọ̀sẹ̀ 8 fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó ń dènà parvo (àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ajá). Mi ò fẹ́ gbé wọn lọ síbi tí ajá aláìsàn ń dùbúlẹ̀ sí. A ó máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra wọn títí wọn yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi di ọ̀sẹ̀ 12.

Kúlà tí dókítà ń gbé abẹ́rẹ́ sí ló jẹ mí lógún jù. Ìwọ̀n 2 sí 8°C ni àjẹsára gbọ́dọ̀ wà: bó bá gbóná nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ìwó Ròòdù, agbára rẹ̀ lè lọ. Ṣé ẹni tí ẹ mọ̀ máa ń po ìyẹ̀fun àjẹsára àti omi rẹ̀ lójú ẹni, kó sì lẹ bébà ara ìgò mọ́ káàdì àjẹsára ajá? Èló ló ń gbà fún ọkọ̀, yàtọ̀ sí owó abẹ́rẹ́?