Nọ́ńbà inú àwòrán ilé mi kò bá rúlà mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni mo fẹ́ kọ́ n'Ìbàdàn. Wọ́n kọ 1:100 (ìyẹn ni pé ìwọ̀n kan lórí ìwé dúró fún ọgọ́rùn-ún nílẹ̀) sábẹ́ àwòrán náà, wọ́n sì kọ 3600 sẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá kan. Mo ti wá mọ̀ pé mìlímítà ni, ìyẹn mítà 3.6, ẹsẹ̀ bàtà 12 ó dín díẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ mìlímítà 36 lórí ìwé, àmọ́ 18 péré ni rúlà mi kà. Mo wọn yàrá méjì mìíràn, ìdajì náà ni.

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé bébà A3, tí gígùn àti ìbú rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti bébà ńlá A1, ni mo ní kí wọ́n fi tẹ àwòrán A1 fún mi, torí owó. Àhun mi ló kó bá mi! Bàbá bíríkìlà, tí kò fẹ́ gbọ́ mítà sétí, ní ká ṣáà máa fi rúlà wọ̀n ọ́n lọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Ayàwòrán ilé náà ti rìnrìn àjò, fóònù rẹ̀ ò lọ.

Ọjọ́ Ajé la fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ṣé nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìkan ni ká tẹ̀ lé, àbí dandan ni kí n tún un tẹ̀ sórí A1 kí wọ́n tó fi ọkọ́ kanlẹ̀? Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.