Igi ni kí n yà ni, àbí àwọ̀n?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí. Lọ́dún 1837, Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ya igi ẹlẹ́ka sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó fi ń ro bí àwọn ẹ̀dá alààyè ṣe tan mọ́ra. Mo yà á sójú bọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ kan na ìka sí ẹ̀ka òkè téńté: “Tíṣà, ṣé àwa èèyàn nìyẹn?” Ó ká mi lára, torí àwòrán yẹn ló ṣì í lọ́nà, lójú wa, ẹni tó wà lókè ló ga jù. Bakitéríà, àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tilẹ̀ máa ń gba jíìnì (ohun tó ń gbé àbùdá ẹ̀dá) lọ́wọ́ ara wọn láìjẹ́ òbí sí ọmọ, ẹ̀ka igi kì í sì í padà so mọ́ra bẹ́ẹ̀, bí okùn àwọ̀n ṣe ń so. Ṣé kí n ya àwọ̀n apẹja ni, àbí kí n kàn dá igi náà dùbúlẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ ọmọ rí, èwo ló yé wọn jù?