Báwo ni kí n ṣe kọ́ àwọn ọmọ Pírámárì 3 nípa iṣẹ́ àti owó iṣẹ́?

Olùkọ́ Pírámárì 3, Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. "Iṣẹ́ ṣíṣe" ló kàn fún wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ 40 ló wà ní kíláàsì, ẹ̀ẹ̀mẹta la sì máa ṣe é, ìṣẹ́jú 35 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Dókítà, nọ́ọ̀sì, lọ́yà, awakọ̀ bàálù àti ṣọ́jà nìkan ló wà nínú àwòrán ara ògiri wa. Tí mo bá ní kí wọ́n dárúkọ iṣẹ́, "dókítà" ni gbogbo ẹnu ń pè. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ iṣẹ́ àwọn tó yí wọn ká, kí wọ́n sì mọ bí owó ṣe ń ti ara iṣẹ́ dé ọwọ́ ẹni. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àǹtí Ẹlẹ́kọ̀ọ́
Ẹ fi àwòrán yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ gbé gàrí kóńgò kan wọ kíláàsì, kí ẹ bi wọ́n pé, "Ọwọ́ ta ni gàrí yìí ti kọjá kó tó débí?" Ìyá tó ń tà á ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ máa bi wọ́n lọ sẹ́yìn títí ẹ fi máa dé oko. Àgbẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́, ó sì hú u. Àwọn kan bó o. Ẹlẹ́rọ rin ín. Wọ́n dì í sápò, wọ́n fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ ro, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 2 tàbí 3 kó lè kan. Wọ́n kù ú, wọ́n yan án nínú agbada. Dírẹ́bà gbé e dé ọjà, aláàárù rù ú dé ìsọ̀, ìyá tà á.

Ẹ wá to ọmọ mẹ́jọ síwájú: àgbẹ̀, ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́, ẹlẹ́rọ, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń yan án, dírẹ́bà, aláàárù, ọlọ́jà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ jókòó, kí ẹ bi àwọn tó kù ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Omi ò ní ro, gàrí á dì ṣùùrù nínú agbada, kò ní gbẹ dénú, kò sì ní pẹ́ tó fi máa bu. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ohun tó ń ba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ni kí olùkọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ ka gbogbo orúkọ náà sílẹ̀. Wọ́n á dà á kọ ni, kò ní yé wọn.

Olùkọ́ Ìṣirò
Àǹtí, ẹ ṣeun. Ẹ kàn má jẹ́ kó parí síbẹ̀, torí nínú àwọn mẹ́jọ yẹn, ó ṣòro ká tó rí ẹni tó ń gba owó oṣù. Ẹ wá àpòòwé mẹ́rin, kí ẹ kọ ìwọ̀nyí sí wọn lára: owó oṣù, owó ojúmọ́, owó iye iṣẹ́, èrè. Olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì wà nínú ti àkọ́kọ́. Lébírà tó ń ru búlọ́ọ̀kù wà nínú ti kejì. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá bó wà nínú ti kẹta, ìyá tó ń ta gàrí sì wà nínú ti kẹrin. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ iṣẹ́ kan sórí bébà, kó jù ú sínú àpòòwé tó rò pé ó tọ́, kó sọ ìdí. Lórí télọ̀ ni wọ́n ti máa jiyàn. Tó bá ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, èrè ló ń jẹ. Tó bá ń bá ẹlòmíràn rán aṣọ, ó lè jẹ́ owó oṣù tàbí iye aṣọ tó rán. Ẹ má tètè dá sí i, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa mọ agbanisíṣẹ́ yàtọ̀ sí òṣìṣẹ́. Ẹ lè fi kún un pé òfin ló sọ iye tí owó oṣù kò gbọ́dọ̀ kéré sí ní Nàìjíríà, ₦70,000 ni láti 2024.

Èrè ló máa ń rú wọn lójú jù. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó: ìyá ra kóńgò 10 ní ₦800 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tà á ní ₦950. ₦9,500 ló wọlé, ọ̀pọ̀ ọmọ á sì pe gbogbo rẹ̀ ní èrè. Ẹ yọ ₦8,000 tó fi ra ọjà, ó ku ₦1,500. Ẹ yọ owó ọkọ̀ ₦400, ọ̀rá ₦200, owó ìsọ̀ ₦100. ₦800 ló kù lọ́wọ́ ìyá. Iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò yín ni kí ẹ fi rọ́pò tèmi.

Ìyá Aránṣọ
Tí ẹ bá máa pe oníṣẹ́ ọwọ́ wá, ẹ jẹ́ kó mú irin iṣẹ́ dání. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í pẹ́ sú ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ. Téèpù télọ̀ mẹ́jọ ti tó yín, ọ̀kan fún ọmọ márùn-ún. Ìǹṣì 60 ló wà lójú kan, sẹ̀ǹtímítà 150 lójú kejì, kí wọ́n má dà wọ́n pọ̀. Etí irin ẹnu téèpù ni òdo wà. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí 1 á fi ìǹṣì kan lé iye tó kọ. Tó bá jẹ́ àyà, kí téèpù gba abẹ́ apá, kó má lọ́, kí ìka méjì ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Kí ọmọ méjì wọn ẹnì kan náà. Tí iye wọn ò bá dọ́gba, ẹ bi wọ́n ẹni tó máa san owó aṣọ tí wọ́n bá fi gé. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ àlejò: "Ọdún mélòó lẹ fi kọ́ṣẹ́? Kí lẹ máa ń ṣe tí oníbàárà ò bá wá gba aṣọ rẹ̀?"

Ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn ní iṣẹ́ àmúrelé "kọ iṣẹ́ bàbá rẹ". Bàbá ẹlòmíràn ti kú, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ti ẹlòmíràn. "Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò rẹ" ni kí ẹ kọ. Ẹ jẹ́ kó yé wọn pé ẹni tó ń wáṣẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ẹ tún yanjú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọmọdé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 gba iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ nínú oko tàbí nínú ilé lábẹ́ ẹbí. Kò gba kí wọ́n fi ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn fún èrè ẹlòmíràn. Kí ọmọ bá ìyá rẹ̀ gbálẹ̀ ìsọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé kò burú. Kó máa kiri ọjà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì ló burú.

Olùkọ́ Pírámárì 3, Ìbàdàn
Ẹ ṣeun gan-an ni o. Báwo ni kí n ṣe dán wọn wò?

Àǹtí Ẹlẹ́kọ̀ọ́
Ẹ má béèrè "dárúkọ iṣẹ́ márùn-ún", dókítà tún máa padà wá. Ẹ gbé búrẹ́dì kan kalẹ̀, ohun tí ẹ kò tíì kọ́ wọn. Kí wọ́n kọ èèyàn mẹ́rin tí ọwọ́ wọn kàn án, irin iṣẹ́ kan tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lò, àti àpòòwé tí owó rẹ̀ wà. Máàkì kan fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, 12 lápapọ̀. Ọmọ tí kò bá tíì lè kọ ọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kó yà á, kó sì fẹnu sọ ọ́ fún yín.