Gàm̀bàrí ní Ògbómọ̀ṣọ́: oṣù méjì tí mo fi ṣe lẹ́sìn JAMB

Ẹ̀yin ará, ẹ ní kí àwa tí wọ́n bí sókè Ọya sọ bójú wa ṣe rí nígbà tí wọ́n ní ká wá ṣe lẹ́sìn nílé. Tèmi rèé.

Sábó Gàrí ní Kánò ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, aṣọ ló ń tà. (Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò síbi téèyàn dé lókè Ọya tí kò ní bá ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pàtẹ síbẹ̀.) Yorùbá là ń sọ nílé, Hausa níta. Ní oṣù karùn-ún 2004, wàhálà ẹ̀sìn àti ẹ̀yà tó ṣẹlẹ̀ ní Yelwa, ní Plateau, ràn dé Kánò. Bí wọ́n ṣe gba ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ, bàbá mi ní kí n palẹ̀ ẹrù mọ́, kí n lọ ṣe lẹ́sìn lọ́dọ̀ ìyá òun. Ó ní torí JAMB ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe JAMB nìkan.

Mọ́tò alẹ́ ni mo wọ̀. Kàdúná, Tegina, Mókwà, ojú oorun ni mo fi kọjá gbogbo ẹ̀. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tá a dórí afárá Jẹ́bà. Ìyá tó jókòó tì mí ju owó wẹ́wẹ́ sínú Odò Ọya láti ojú fèrèsé, ẹnu ẹ̀ ń mì, ó ń wúre. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ìlọrin.

Ìyá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo gbé báàgì kalẹ̀, mo lóṣòó bá a ṣe ń kí àgbà ní Kánò. Ó wò mí títí.

"Ta ló lóṣòó síbẹ̀ un bí ẹni fẹ́ yàgbẹ́?"

Òjò àná ò tíì gbẹ nílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyá mi lọ̀ fún mi. Ló bá fọwọ́ lé mi lẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ oríkì. Ó pẹ́ kí n tó ráyè dìde.

Kíláàsì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la ti ń ṣe lẹ́sìn náà, àwa mẹ́rin mẹ́rin lórí bẹ́ńṣì ọlọ́mọ méjì. Bí òjò bá ti ń lu páànù, tíṣà Físíìsì á gorí tábìlì jókòó, á máa jẹ ẹ̀pà, torí kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohùn ẹnì kejì. Owó wa ló fi ń ra ẹ̀pà yẹn o.

Tíṣà ìṣirò la fẹ́ràn jù. Bùọ̀dá kan tó ṣì wà ní LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni. Bó bá rí i pé oorun ń kùn wá, á yí i sí Yorùbá. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ta ló máa kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù?" Mo sáré dìde, mo kọ 83.

Kíláàsì hó yèè. "Gàm̀bàrí! Gàm̀bàrí!" Bẹ́ẹ̀, ní Kánò, Bayarabe (ọmọ Yorùbá) ni wọ́n ń pè mí.

Bùọ̀dá dá wọn lẹ́kun. Ó ní, "Báwo lẹ ṣe ń pè é lọ́hùn-ún?"

Mo ní, "Saba'in da bakwai."

"Àádọ́rin àti méje. Àwọn bàbá tiwa ò dúró síbẹ̀." Ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ní ọgọ́rin nìyí. Ó wá fi ẹ̀yìn rìn, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó fẹfun sàmì sílẹ̀. "Ibí yìí ni mẹ́tàdínlọ́gọ́rin." N ò gbàgbé ẹ̀ mọ́ láyé mi. Láti ọjọ́ yẹn, Saba'in ni wọ́n ń pè mí.

Òun náà ló là á yé wa bí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ṣe ń pín àyè: 45 nínú 100 fún ẹni tó gba máàkì jù, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí wọn ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ ò tíì rinlẹ̀. Kánò wà nínú ìyẹn, Ọ̀yọ́ ò sí níbẹ̀. Èmi tí mo ti ń kàwé ní Kánò láti jẹ́lé-ó-sinmi, Ọ̀yọ́ ni màá kọ sínú fọ́ọ̀mù, torí ibi tí bàbá ẹni ti wá ni wọ́n ń béèrè. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi.

Ti oúnjẹ? Ẹni tó ní wọ́n ń jọkà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó mùkọ yangan ò purọ́.

Nígbà tí mo padà sí Kánò, mo bá Alhaji oníbàárà bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo nà gbalaja. Ó fò sẹ́yìn: "Kai! Tashi, tashi!" (Dìde, dìde!) Lójú tiẹ̀, Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún. Bàbá mi yára wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Jọ́ọ̀sì (òǹkàwé kan ló fèsì): Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín o, ẹ̀gbọ́n. Èmi, odidi àpò ànàmọ́ òyìnbó ni mo gbé lọ fún àbúrò mọ́mì mi. Wọ́n sè é, wọ́n kó o sódó, wọ́n gún un títí, wọ́n ní irú iṣu wo ni kì í fà báyìí. Ẹ̀wà ni gbogbo ilé jẹ sùn. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ iye tẹ́ ẹ gbà ní JAMB.

Saba'in: Igba ó lé mọ́kàndínlógójì. Ẹ fúnra yín kà á.