Ìyá ọkọ mi ní kí n wá ṣe Kérésìmesì ní Ìjerò. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?

Aránṣọ Baṣírí:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Láti 2016 ni àwa obìnrin mẹ́rin ti jọ ń ṣe Kérésìmesì ní Adó-Èkìtì. Baṣírí la ti jọ háyà yàrá nínú ọgbà kan náà, nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. A kì í ṣe àjọbí, àjọgbé ni wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, àwọn ló ń pààrọ̀ ara wọn lálaalẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mùsùlùmí ni ọ̀kan nínú wa, ilé tirẹ̀ la máa ń kó lọ nígbà Iléyá, òun náà ló sì ń ro ẹ̀fọ́ Kérésìmesì wa. Ọ̀kan tún wà, ọmọ Ìkàrẹ́, tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá mọ́. Odó tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ la fi ń gúnyán. Etí odó náà ti sán, wáyà la fi so ó. Ẹni méjì á dìde, ọmọ odó méjì, èmi á máa ju iṣu sí i. Tí ìró rẹ̀ bá ti kúrò ní gbì-gbì, tó di pọ̀-pọ̀, a ti mọ̀ pé kókó ti tán nínú rẹ̀.

Oṣù Kẹrin ọdún yìí ni mo wọlé ọkọ. Ìyá ọkọ mi ní dandan ni kí ìyàwó tuntun wá dáná Kérésìmesì lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n ní, "Èwo ni ti ọ̀rẹ́? Ṣé o ò lẹ́bí ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ìyá Ìbejì Ìkọ̀lé:
Ọmọ mi, ẹ kú oríire. Lọ o. Kérésìmesì àkọ́kọ́ nílé ọkọ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Ọjọ́ 26 náà, ọdún ni. Ọjọ́ yẹn ni èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń ṣe tiwa látìgbà tí kálukú ti lọ́kọ.

Ọmọ Ọ̀yẹ́:
Màmá, ẹ má bínú, ta ló máa wà pẹ̀lú ọmọ Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ 25? Ọdún tí bàbá mi kú, èmi nìkan ni mo wà ní yàrá lọ́jọ́ Kérésìmesì. Búrẹ́dì àti sadíìnì ni mo jẹ, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gúnyán ní gbogbo ilé tó yí mi ká. Mi ò fẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni tún rí i. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó wọn dání lọ sí Ìjerò.

Ìyá Ìbejì Ìkọ̀lé:
Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Ọkàn mi ò lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, kó má kàn kó èèyàn dé bá wọn.

Aránṣọ Baṣírí:
Mo ti pè wọ́n. Mo sọ ti ọsibítù fún wọn, gbogbo ẹ̀ pátá. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé, "Èyí tí kò níyàá yẹn, ṣé ó mọ iyán gún?" Mo ní odó ìyá rẹ̀ la fi ń gún un. Wọ́n ní ká gbé odó náà dání, pé gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà ládùúgbò wọn tó lè fi irin dè é.

Ọjọ́ 24 la máa gbéra. Ọmọ Ìkàrẹ́ ti ń fọ odó látàárọ̀.