Ẹ wá sọ tiyín: kíkó ẹ̀rọ káfíńtà àtijọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tuntun

Káfíńtà Kàbà
Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo gbọ́ pé àwọn kan láàárín wa fẹ́ kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọn kí òjò tó dé. Ẹ jẹ́ kí kálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. N ó ti tèmi ṣáájú.

Onílé fẹ́ wó ilé tí ọ̀gá mi ń lò ní Kàbà, la bá gba àyè sí ojú ọ̀nà Ọbájánà. Ẹ̀rọ ìfági Wadkin ló wúwo jù nínú ẹrù wa. Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ọdún 1897 ni wọ́n sì dá iléeṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Irin dídà (cast iron) ni gbogbo ara rẹ̀, kì í ṣe páànù tí wọ́n ká bíi ti àwọn tuntun.

Kòtò ojú títì àti tírélà símẹ́ńtì ló ń bà wá lẹ́rù. Ọ̀gá ò tiẹ̀ ro ìyẹn. Ó ní láti ibi tí ẹ̀rọ dúró sí dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sípánà kan bóòtù, ó ní ká wọn ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rọ fi bí ìka mẹ́rin fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Àwa ọmọ iṣẹ́ ní ká dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ká fi yọ́ jáde. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní ògiri la máa wó. Bí búlọ́ọ̀kù bá fọ́, a ó ra òmíràn, wíwó náà sì ni onílé fẹ́ wó o. Ṣùgbọ́n irin dídà kì í tẹ̀, ṣíṣẹ́ ló ń ṣẹ́. Bí wẹ́dà bá sáré jó o lásán, ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tó jó ni yóò tún ti sán, àfi kó kọ́kọ́ fi iná mú un gbóná dáadáa, kó sì lo ọ̀pá ìjórin tó ní níkẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀pá irin la fi ń gbé igun kan sókè díẹ̀díẹ̀, a ó ki pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀, ká tó bọ́ sí igun kejì. Nígbà tó ga tó, a ti igi àpá méjì gbọọrọ bọ abẹ́ rẹ̀, a sì de ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mọ́ wọn. Ìgbà yẹn la tó kó páìpù sábẹ́. Bí ọ̀kan bá ti yọ lẹ́yìn, ẹnì kan á gbé e wá síwájú. Igi ló fi ń tì í bọ abẹ́ o, kì í ṣe ọwọ́! Bá a bá fẹ́ yà, a ó fi òòlù gbá ẹnu páìpù kó dagun, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ lé e.

Sẹ́ẹ̀fù-lódà, ọkọ̀ tó ní ọwọ́ irin tó fi ń gbé gẹdú, ló gbé e. Ìdí ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ so bẹ́líìtì ìgbẹ́rù mọ́, kì í ṣe tábìlì, kì í sì í ṣe ọ̀pá tó di abẹ mú.

Ará Ìsánlú
Bandsaw, ẹ̀rọ tí ayùn rẹ̀ rí bíi bẹ́líìtì, ni tèmi, láti Kàbà wá sílé. Orí rẹ̀ wúwo ju ìdí lọ, bí ẹni tó ru odó. A tú ayùn rẹ̀ kúrò, a de ìdí rẹ̀ mọ́ pákó fífẹ̀, a sì so ó ní òró, ọ̀nà mẹ́rin. Dírẹ́bà ń kùn pé a ń fi àkókò òun ṣòfò. Nígbà tá a dé Mọ̀pà, mo ní kó dúró. Gbogbo okùn ti dẹ̀! Okùn ọ̀rá tuntun máa ń nà. Dírẹ́bà fúnra rẹ̀ ló bá mi fà á le.

Ìyá Onípákó, Ẹ̀gbẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin bàbá. Tiwa dé láìfarapa, àmọ́ nígbà tí oníná tàn án, ẹ̀yìn ló ń yí. Ó pààrọ̀ ojú wáyà méjì nínú mẹ́ta, ó sì tọ́. Ẹ yọ bẹ́líìtì kẹ́ ẹ tó dán mọ́tò wò o. Bó bá jẹ́ ayùn onírìbìtì, tó bá yí sẹ́yìn, nọ́ọ̀tì tó di ayùn mú lè tú. Ẹ má sì jẹ́ kí bíríkìlà kán yín lójú lórí kọnkéré tí ẹ̀rọ máa dúró lé. Nǹkan bí ọjọ́ 28 ló fi ń gbó dáadáa.

Ọmọ Mọ̀pà
Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kúkú tú u sí wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ fi kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kó o?

Káfíńtà Kàbà
Àbúrò, mọ́tò, gáàdì àti tábìlì, ẹ tú wọn, kẹ́ ẹ fi fóònù ya fọ́tò wọn kọ́kọ́. Ẹ kun ojú tó ń dán ní gíríìsì. Bèárì àtijọ́ (ibi tí ọ̀pá ẹ̀rọ ti ń yí) tí wọ́n fi irin funfun dà ni kẹ́ ẹ má tọ́. Ẹ ó rí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín ìdérí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ìyẹn ló ń pinnu àlàfo tí ọ̀pá fi ń yí. Bí ti ọ̀tún bá lọ sí òsì, ọ̀pá á máa gbóná, irin funfun yẹn á sì yọ́.